Igi Ojú Pópó àti Ìbò Ìlú Sheffield

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti di ọ̀bẹ tàbí ṣíbí mú rí tí a kọ orúkọ Sheffield sí lára. Ìlú tí wọ́n ti ń rọ irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ mú yín dé lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ kọ́ ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ ìbò ni: ìbò àwọn kánsẹ́lọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú kéré, tí wọ́n á ní, "Kí ni ti kánsẹ́lọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tèmi?" Bí ẹ bá bá mi rìn dé òpin, ẹ ó rí i pé igi kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà lè di ọ̀ràn sí àwọn alágbára lọ́rùn.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ láti London ní ọjọ́ kìíní oṣù May 2024, ó sì gbà wá tó wákàtí méjì kí a tó dé ọ̀hún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń kàwé níbẹ̀ ni ó wá pàdé mi. Ìlú olókè ni Sheffield. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé orí òkè méje ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ará Ìbàdàn tí ó bá dé ibẹ̀ kò ní ṣàárò òkè rárá. Odò márùn-ún ni ó sì la ibẹ̀ kọjá: Don, Sheaf, Rivelin, Loxley àti Porter. Lára Sheaf ni wọ́n ti mú orúkọ ìlú náà. Omi àwọn odò wọ̀nyí ni ó ń yí ọlọ tí àwọn baba ńlá wọn fi ń pọ́n ọ̀bẹ láyé àtijọ́. Níbẹ̀ náà ni Harry Brearley ti ṣe irin tí kì í dípẹtà jáde ní 1913.

Ní àárín ìlú ni Gbọ̀ngàn Ìlú wà, ilé olókùúta ńlá tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga fíofío. Ọbabìnrin Victoria ni ó ṣí i ní 1897, kò sì sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ tí ó fi ṣe é. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ère ọkùnrin kan tí ó dúró sí ṣóńṣó ilé náà. Mo bi ọmọ mi léèrè pé ta ni. Ó ní, "Vulcan ni wọ́n ń pè é, Bàbá. Òun ni òrìṣà àgbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ògún ni wọ́n gbé sórí ilé ìgbìmọ̀ wọn yẹn!" Bí ìlú alágbẹ̀dẹ kò bá gbé Ògún sókè, ta ni kí wọ́n gbé?

Abẹ́ Vulcan yìí ni àwọn kánsẹ́lọ̀ 84 ti ń ṣe ìpàdé. Wọ́ọ̀dù 28 ni wọ́n pín ìlú náà sí, kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta mẹ́ta sì ni wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní. Wọn kì í sábà dìbò yan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń yàn lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta, wọn a sì sinmi ní ọdún kẹrin. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ dá ṣàkóso gbọ́dọ̀ ní ìjókòó 43. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ti ogun tàbí ti òfin ilẹ̀ òkèèrè. Kíkó ìdọ̀tí ni, títún ọ̀nà ṣe, ìtọ́jú àwọn arúgbó, ilé ìkàwé, ilé gbígbé àwọn tálákà, iná ojú pópó, àti igi ẹ̀bá ọ̀nà.

Láti 1926 ni ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Labour ti gba àkóso ìlú yìí, kò sì sí ìlú ńlá mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìgbà díẹ̀ ni ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ wọn. David Blunkett, ọkùnrin afọ́jú tí ó di mínísítà ńlá ní London lẹ́yìn náà, ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìlú náà láti 1980 títí di 1987. Ẹgbẹ́ Liberal Democrats gba àkóso ní 1999 àti ní 2008, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 2011, Labour ti padà sórí àga. Ẹni tí ó bá pẹ́ lórí àga a máa rò pé baba òun ni ó gbẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn igi ti bẹ̀rẹ̀.

Igi tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Sheffield tó nǹkan bí 36,000. Bí igi odán ti rí lójú ọjà wa, tí àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, tí ọmọdé ń ṣeré níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn igi náà rí sí wọn. Ní 2012, ìgbìmọ̀ ìlú bá ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan ṣe àdéhùn ọdún 25, owó rẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn, pé kí wọ́n tún gbogbo ọ̀nà ìlú ṣe. Ọ̀nà náà bàjẹ́ lóòótọ́, a kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ ìgbìmọ̀. Gbòǹgbò igi mìíràn ti gbé òkúta ẹsẹ̀ ọ̀nà sókè, tí ẹni tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn kò lè kọjá. Àwọn igi kan sì ti ń kú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń gé igi tí ó ń ṣàìsàn ni wọ́n ń gé èyí tí ara rẹ̀ le koko. Ní 2018 ni ará ìlú tó mọ̀ pé iye tí ó wà nínú ìwé àdéhùn náà láti gé, kí a sì fi kékeré rọ́pò, jẹ́ 17,500. Ìdajì gbogbo igi ojú pópó fẹ́rẹ̀ẹ́ nìyẹn!

Àwọn ará ìlú kọ̀wé, wọn kò rí èsì tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n lọ sí ìpàdé, a kò dá wọn lóhùn bí ó ti yẹ. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sábẹ́ igi kí ayùn má baà kàn án. Ní òru ọjọ́ 17 oṣù November 2016, nígbà tí aago márùn-ún òwúrọ̀ kò tíì lù, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn agégi dé òpópónà Rustlings Road. Wọ́n kan ilẹ̀kùn àwọn tí ń sùn pé kí wọ́n dìde wá wa ọkọ̀ wọn kúrò. Wọ́n mú obìnrin méjì tí wọ́n ti tó ẹni àádọ́rin ọdún lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí wọn kò kúrò nídìí igi. Ẹjọ́ náà kò lọ síbì kankan, wọ́n pa á tì níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti délé, ó ti dóko. Ìgbìmọ̀ tilẹ̀ gbé kánsẹ́lọ̀ kan, Ìyáàfin Alison Teal ti ẹgbẹ́ Green, lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní 2017 pé ó rú àṣẹ nídìí igi. Adájọ́ dá a láre.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo dé, mo ní kí ọmọ mi mú mi lọ sí Western Road. Òpópónà tí kò ní ariwo ni. Ní 1919 ni wọ́n gbin igi sí ibẹ̀ ní ìrántí àwọn ọmọ ilé-ìwé àdúgbò náà tí wọ́n lọ sí ogun àgbáyé kìíní. Àwọn kan nínú igi wọ̀nyí wà lára èyí tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gé. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan lára wọn. Ewé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú nítorí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mo rò ó pé bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ gé igi tí a gbìn sí ojú oórì bàbá mi, mo lè má mọ òfin, ṣùgbọ́n n óò mọ ibi tí n óò dúró sí.

Ní March 2018 ni wọ́n dá iṣẹ́ gígé náà dúró. Ó lé ní 5,000 igi tí ó ti lọ. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé ọ̀pọ̀ igi tí wọ́n ti sàmì sí ni a lè dá sí, bí a bá tún òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tò lọ́nà mìíràn.

Ìbínú àwọn ènìyàn kò tán síbẹ̀. Wọ́n ní igi nìkan kọ́ ni ẹjọ́ àwọn. Wọ́n ní ìwọ̀nba ènìyàn mẹ́wàá tàbí bẹ́ẹ̀ ni ó ń jókòó ti olórí, tí wọ́n ń pinnu ohun gbogbo, tí kánsẹ́lọ̀ yòókù ń wò wọ́n níran. Wọ́n ko orúkọ jọ, ó lé ní 20,000, wọ́n sì fi òfin béèrè pé kí a bi gbogbo ìlú léèrè. Àrùn kòrónà kò jẹ́ kí a dìbò ní 2020. Nítorí náà, ní ọjọ́ 6 oṣù May 2021, lára ìwé tí ó dé ọwọ́ olùdìbò ni èyí tí ó fi yan kánsẹ́lọ̀, àti èyí tí ó béèrè pé ṣé kí ìjọba olórí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró, tàbí kí a pín agbára fún àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké tí ẹgbẹ́ gbogbo wà nínú wọn.

Èsì ìbò dé. Nínú olùdìbò 100, nǹkan bí 65 ní kí a yí i padà. Ní ti ìjókòó, Labour pàdánù mẹ́jọ, ó ku 41. Liberal Democrats ní 29, Green ní 13, Conservative ní ẹyọ 1. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀: ìjókòó méjì péré ni Labour fi kùnà iye tí ó lè dá ṣàkóso. Èyí tí ó ya ènìyàn lẹ́nu jù ni pé olórí ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Bob Johnson, pàdánù ìjókòó rẹ̀ ní Hillsborough, ẹgbẹ́ Green ni ó sì gbà á. Ọkùnrin náà kò tíì lò ju oṣù díẹ̀ lọ lórí àga olórí, nítorí oṣù January ọdún náà ni ó dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ayé rí: ẹni tí ó jẹ gbèsè lè ti kọjá lọ, ẹni tí a bá nílé ni olówó ń dúró dè. N kò sọ pé igi nìkan ni ó lé e kúrò o. Ìdí tí ènìyàn fi ń dìbò pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ará Sheffield tí yóò sọ pé igi kò sí nínú rẹ̀.

Láti May 2022 ni ètò tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní March 2023, Sir Mark Lowcock, ẹni tí wọ́n ní kí ó wádìí ọ̀ràn náà, gbé ìwé rẹ̀ jáde. Ó ní ìgbìmọ̀ ti ṣi àwọn ará ìlú lọ́nà, ó sì ti ṣi ilé ẹjọ́ pàápàá lọ́nà. Ní oṣù June ọdún náà, ìgbìmọ̀ ìlú tọrọ àforíjì ní gbangba. Ìjọba dọ̀bálẹ̀ nítorí igi!

Ọjọ́ kejì tí mo dé, Thursday, ọjọ́ 2 oṣù May 2024, ni ọjọ́ ìdìbò. Mo bá ọmọ mi lọ. Mo rò pé yóò sọ pé òun jẹ́ àlejò, ṣùgbọ́n ó ní, "Bàbá, òfin wọn gbà wá láyè. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tí ó bá ń gbé ibí pẹ̀lú ìwé àṣẹ, tí ó ti pé ọdún 18, tí ó sì ti forúkọ sílẹ̀, lè dìbò." Láti 2023 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé tí ó ní àwòrán ojú ẹni. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, aláwọ̀ ewé tí a mọ̀, ni ó nà sí wọn, wọ́n wò ó, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé ìbò. Ilé kékeré ni. Kò sí ìlù, kò sí ariwo. Pẹ́ńsù tí a fi okùn so ni ó fi fa àmì, ó ká ìwé náà, ó jù ú sínú àpótí, ó parí. Láti aago méje òwúrọ̀ títí di mẹ́wàá alẹ́ ni ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Bí ìbò ènìyàn méjì bá dọ́gba gẹ́lẹ́ lẹ́yìn tí a ti tún un kà, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́ láti mọ ẹni tí ó wọlé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìbò kan ṣoṣo kò já mọ́ nǹkan.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, kò sí ẹgbẹ́ tí ó tó 43, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní 2022 àti 2023. Ó di dandan kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n lọ béèrè bóyá orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò. Ilé tí wọ́n ń gbé, ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, ilé-ìwé ọmọ wọn, lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá ń san owó orí tí kò dìbò, ẹlòmíràn ni yóò yan igi tí a ó gé lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Bí ọkọ̀ mi ti ń kúrò ní Sheffield, mo tún wo Vulcan lókè. Ó di irinṣẹ́ rẹ̀ mú, kò wo ẹnikẹ́ni. Nísàlẹ̀, àwọn igi tí ó ṣẹ́kù ń rú ewé.

Ó dìgbà kan ná.