Ihò Kékeré Tí Ń Gbé Owó Epo Wa Lọ

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe ohun mímì fún adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò kékeré rí lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́, pàápàá láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí kò tó 200 náírà kí ìkéde náà tó wáyé ti tó nǹkan bí 600 náírà ní oṣù Keje ọdún kan náà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Àbùkù tí a lè fojú fò dá láyé ọjọ́sí ti wá di ohun tí ń jẹ owó oúnjẹ ọmọ.

Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003 ni mo ń wà. Ní ọdún tó kọjá, bí mo bá ń sáré bọ̀ láti Adó sí Ìkẹ́rẹ́, kò ní àléébù kankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ẹ̀bá ọjà, ẹ́ńjìnnì a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu, nígbà mìíràn a sì kú pátápátá. Iná kékeré tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì kò kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Epo tí í gbé mi fún ọ̀sẹ̀ kan kò gbé mi ju ọjọ́ márùn-ún lọ mọ́.

Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n ní bóyá pọ́ǹpù epo ni, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà kẹta, wọ́n ní bóyá nọ́sù ló dọ̀tí, wọ́n fọ̀ ọ́. Nígbà kẹrin, wọ́n ní bóyá ọpọlọ ọkọ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní brain box. Bóyá, bóyá, owó mi sì ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí. Bí písítìn bá ń sọ̀kalẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Nígbà tí a kò bá tẹ tọ́tù, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa, agbára ìfà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ a sì pọ̀. Bí ara ẹ́ńjìnnì bá dá ṣáṣá, géèjì yóò kà á sí nǹkan bí íǹṣì mẹ́kúrì 17 sí 21. Nínú irú ọkọ̀ tèmi, ẹ̀rọ òǹkà kan wà lẹ́yìn fítà tí ń ka afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ohun tó bá kà ni kọ̀ǹpútà fi ń wọn epo, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí ìwọ̀n epo 1. Bí họ́ọ̀sì kan bá là lẹ́yìn ẹ̀rọ òǹkà yìí, afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà yóò máa yọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀rọ tí ń tọ́ èéfín wò yóò wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà yóò sì máa bù kún un. Ibẹ̀ ni owó wa ń gbà lọ. Lórí eré, afẹ́fẹ́ tí ń gba ojú ọ̀nà wọlé pọ̀ débi pé ti inú ihò kò jámọ́ nǹkan mọ́. Ìdí nìyí tí àìsàn náà fi ń fara hàn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró.

Àgbà mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà Ìsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bi mí pé, “Ṣé ìgbà tó bá dúró ni, àbí ìgbà tó bá ń sáré?” Nígbà tí mo dáhùn, ó ní, “Àbúrò mi, afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbì kan. Má tíì ra nǹkan kan.”

Bàbá so síkánà mọ́ ọkọ̀ náà. Nọ́ńbà P0171 jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ. Ó fi hàn mí pé epo tí kọ̀ǹpútà ń bù kún un pọ̀ púpọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì rọra ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀ nígbà tí ó tẹ tọ́tù dé 2,500. Ó ní bí kò bá wálẹ̀, tàbí tí ó tún lọ sókè sí i, òun ìbá fura sí pọ́ǹpù. Lẹ́yìn náà, ó fi ojú kan rọ́bà họ́ọ̀sì kan sí etí, ó ń fi ojú kejì wá ibi tí ìró fííí ti ń wá. Ó fi ẹ̀mú tó fi aṣọ wé fún àwọn họ́ọ̀sì kéékèèké pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí bí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò bá yí padà. Níkẹyìn, ó fọ́n omi ọṣẹ sí àwọn oríkèé, ó sì yẹra fún wáyà. Níbi họ́ọ̀sì kan tó tẹ̀ kọ́rọ́, tí ń fa èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sínú afẹ́fẹ́, omi náà wọlé ṣìọ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì sì yí padà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ti là, níbi tí ojú kò lè tó. Ooru ọdún ogún ló mú rọ́bà náà gan. Owó họ́ọ̀sì tuntun kò tó owó epo lítà mẹ́ta.

Àwọn kan máa ń fọ́n bẹntiróòlù dípò omi ọṣẹ. Ẹ má gbà fún wọn: ẹ́ńjìnnì gbígbóná àti epo kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ju ti owó lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹntiróòlù, agbára ìfà kan náà ló ń ran ẹsẹ̀ wa lọ́wọ́ lórí bíréèkì. Bí họ́ọ̀sì tó lọ sí bíréèkì bá là, bíréèkì yóò le bí òkúta, èyí kò sì dára ní ilẹ̀ olókè bíi tiwa. Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún títí tí yóò fi le, kí ẹ fi ẹsẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ sì tanná sí ọkọ̀. Bí bíréèkì bá rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ìrànwọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá mira, ẹ má gbé ọkọ̀ náà rìnrìn àjò.

Kí ló dé tí àmódi kékeré báyìí fi ń gba owó ńlá? A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí a ń ṣe nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa kọ́ṣẹ́ lórí ọkọ̀ alákábúrétọ̀, ọkọ̀ sì ti yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, àwa oníbàárà náà ní ẹ̀bi tiwa. A ń sanwó ohun èlò, a ń sanwó iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá ní kí á sanwó wákàtí kan tó fi ṣe àyẹ̀wò, a ó ní kí ló ṣe? Ẹni tí a kò bá sanwó làákàyè fún, ohun èlò ni yóò máa tà fún wa. Mo san owó àyẹ̀wò fún Bàbá lọ́tọ̀, n kò sì rò pé owó náà ṣòfò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, kí ẹ tó ra ohun èlò kankan sínú ọkọ̀ yín, ẹ bi mẹkáníìkì yín ní ìbéèrè kan: “Kí lo rí tí o fi mọ̀ pé òun ni?” Bí ìdáhùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “bóyá”, ẹ di owó yín mú ná.