Ta ló ni máàkì?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló dá àwa mẹ́rin dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà tí à ń ṣe iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ wa. Ètò tó ń tọ́jú kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún là ń kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ní tábìlì tirẹ̀, kọ́ọ̀sì ní tirẹ̀. Máàkì wá ńkọ́? Ta ló ni ín?

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan lè bí ọmọ mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìyá kan ṣoṣo ló bí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn rọrùn: ẹ kọ nọ́ńbà ìyá sí iwájú ọmọ, ó parí. Ti ẹgbẹ́ ló yàtọ̀. Ẹnì kan lè wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ogún èèyàn. Bàbá kan lè jẹ́ akọ̀wé nínú ẹgbẹ́ àdúgbò, kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lásán láàárín àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé ìwé. Ẹ ò lè kọ “akọ̀wé” sí ara bàbá yẹn, ẹ ò sì lè kọ ọ́ sí ara ẹgbẹ́. Inú ìwé tí wọ́n fi gbà á wọlé ni ipò rẹ̀ wà.

Django la fi ṣiṣẹ́. ORM rẹ̀ ń jẹ́ ká máa kọ Python, òun á sì bá wa tú u sí SQL tí dátábéèsì gbọ́. Ìlà kan péré, ManyToManyField, Django á fúnra rẹ̀ ṣe tábìlì kẹta, á máa to nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ àti nọ́ńbà kọ́ọ̀sì síbẹ̀ ní méjì-méjì. Ọ̀kan nínú wa ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. “Ó ti tán, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.”

Ẹni tó ní carry-over ìṣirò láàárín wa ni kò dìde. “Èmi tí mo ń tún un ṣe ńkọ́?”

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tábìlì yẹn ń gba akẹ́kọ̀ọ́ kan pẹ̀lú kọ́ọ̀sì kan. Tí ẹ bá tún lo add() fún wọn, kò ní pariwo, kò sì ní kọ nǹkan kan. Kò tiẹ̀ sí àyè fún máàkì níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, a fúnra wa kọ tábìlì àárín náà:

class Iforukosile(models.Model):
    akeko = models.ForeignKey(Akeko, on_delete=models.PROTECT)
    koosi = models.ForeignKey(Koosi, on_delete=models.PROTECT)
    sesan = models.CharField(max_length=9)
    maaki = models.PositiveSmallIntegerField(null=True)

(Python 3 ì bá gba àmì ohùn, bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà wa ni kò gbà.) Lára Akeko, a kọ ManyToManyField(Koosi, through="Iforukosile"). UniqueConstraint wà lórí akeko, koosi àti sesan papọ̀, kí ẹnì kan má baà forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú sẹ́ṣàn kan náà. null=True ń jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó gba òdo àti ẹni tí èsì rẹ̀ kò tíì jáde. Ẹ̀yin náà mọ bí ọkàn ṣe ń já tí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti jáde, PROTECT yẹn, ẹ̀yin ló wà fún. Ká ní CASCADE la kọ, lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá pa kọ́ọ̀sì tí wọn ò kọ́ mọ́ rẹ́, èsì gbogbo ẹni tó ti ṣe é rí á bá a lọ. PROTECT á kọ̀ fún un. Láti Django 2.0, dandan ni kéèyàn mú ọ̀kan. Ẹ má kàn da èyí tí ẹ rí níbòmíì kọ.

Èrò tiwa ni pé kí ẹ ti kọ tábìlì àárín fúnra yín láti ìbẹ̀rẹ̀, bí kò bá tiẹ̀ tíì sí máàkì. Django kì í gbà kéèyàn kàn fi through kún ManyToManyField tó ti wà nílẹ̀. Migration á kọ̀ ọ́, ẹ ó sì máa wá ọ̀nà kó dátà ká.

Ó ku kékeré kan. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ orúkọ àti máàkì 300 akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ kọ select_related("akeko") mọ́ ọn. Láìsí i, ìgbà 301 ni ètò yín á lọ bá dátábéèsì. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan.