Òkun Inú Àpótí ní Brighton

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ sì kọrí sí gúúsù, ní nǹkan bíi wákàtí kan ẹ ó dé Brighton, ìlú etí òkun. Ẹ má retí iyanrìn bíi ti Èkó níbẹ̀ o. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ó kún etí òkun wọn, atẹ́gùn rẹ̀ sì tutù wọ egungun.

Ọ̀ràn ẹja ni ó gbé èmi àti ọmọ mi obìnrin dé ibẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún un pé bí ó bá yege nínú ìdánwò rẹ̀, n ó ra àpótí dígí kékeré tí a fi ń sin ẹja inú omi iyọ̀ fún un. Ó sì yege. Tuntun rẹ̀ ju agbára mi lọ. Nígbà tí a wá gbọ́ pé bàbá arúgbó kan ní Brighton fẹ́ ta àlòkù tirẹ̀ ní 80 pọ́n-ùn, pẹ̀lú ẹja méjì, òkúta, iná àti ẹ̀rọ rẹ̀, kíá ni a dìde.

Kí a tó dé ilé bàbá náà, a yà wo ilé ẹja ńlá tí wọ́n ṣí sí etí òkun ní 1872. Ìfẹ́ ẹja wíwò yìí ti pẹ́ lára àwọn òyìnbó. Ní 1853 ni ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja tirẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní 1854, Philip Henry Gosse tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ti ń tọ́jú ohun abẹ̀mí inú òkun nínú ilé, ni tọkùnrin tobìnrin bá ń wá àpótí dígí kiri. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi sú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ibẹ̀ náà ni ọmọ mi ti gbọ́ pé iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, egungun àwọn ẹran kéékèèké inú òkun ni. Ẹnu yà á. Ó ní irú iyùn tí ó wà láàyè ni òun fẹ́ fi sínú àpótí tòun.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ bàbá, a bá àpótí náà lórí tábìlì, omi lítà 60 ni ó ń gbà. Ẹja méjì aláwọ̀ ọsàn, tí wọ́n ní ìlà funfun mẹ́ta lára, ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọ mi gbé imú lé dígí, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá ní bí a bá tọ́jú irú ẹja yìí dáadáa, ó lè lò ju 20 ọdún lọ. Mo rò ó lọ́kàn pé nígbà náà ọmọ á ti lọ sílé ọkọ, èmi ni n ó kù tí n ó máa bọ́ ẹja!

Bàbá náà kò fi nǹkan pamọ́ fún wa. Ó ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 ni lítà omi kan ń fẹ́. Bí omi bá fà, iyọ̀ kì í bá a lọ, nítorí náà omi lásán ni a fi ń dí i. Omi kékeré sì máa ń tètè bàjẹ́ ju omi púpọ̀ lọ, bí ọbẹ̀ ìkòkò kékeré ti ń tètè jóná. Ìgbẹ́ ẹja a máa di májèlé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ara òkúta ni ó ń pa agbára májèlé náà. Bí òkúta bá gbẹ lójú ọ̀nà, àwọn kòkòrò náà á kú, ẹja á sì tẹ̀lé wọn.

Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo gbé wá láti ilé. Oògùn kan wà tí a fi bàbà ṣe, tí a fi ń wo àrùn ẹja. Ó dára fún ẹja, ṣùgbọ́n ó ń pa iyùn àti edé, ó sì lè wọ inú òkúta kí ó má tètè jáde. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ǹjẹ́ wọ́n ti lo oògùn yẹn nínú àpótí yìí rí?”

Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Èmi kò lò ó o. Ṣùgbọ́n àlòkù ni mo rà á lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. N kò mọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe.”

Mo tún wo igun àpótí, mo rí i pé gọ́ọ̀mù tí ó so dígí pọ̀ ti ń ṣí. Mo ṣe ìṣirò: owó ọkọ̀ tí yóò gbé e, òkúta mìíràn, iyọ̀ àti iná mànàmáná lójoojúmọ́. Mo sọ fún bàbá pé n kò ní rà á. Inú kò bí i. Ó ní àwọn tí ó ti wá ṣáájú, kí òun ṣá dín owó kù ni wọ́n ń sọ. Ọmọ mi sunkún. Mo ní ìlérí mi kò yẹ̀: 80 pọ́n-ùn náà di ìpìlẹ̀ owó tuntun, a ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un.

Ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ ra irú ọjà yìí, ẹ bèèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín àti oògùn tí ó ti wọ inú rẹ̀. Ẹ rọ omi kún un fún ọjọ́ kan kí ẹ wò ó bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá sí nílé. Ohun ẹlẹ́mìí kì í dúró de ìgbà tí ọwọ́ wa bá dilẹ̀.