Ta Ni Yóò Sanwó Fọ́tò Òkè Ìdàáṣà?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Parakou láti Kútọnu ní Benin, tó rìn tó nǹkan bíi 200 kìlómítà, kò ní láti béèrè bóyá òun ti dé Dassa-Zoumè, tí àwa ń pè ní Ìdàáṣà. Òkè á ti yọ lọ́tùn-ún, á yọ lósì, àpáta ràgàjì lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. 41 ni wọ́n máa ń pe iye wọn. Òkè wọ̀nyí ni mò ń yà ní fọ́tò, tí mo sì ń kó fọ́tò náà sí ìkànnì tí ń tà á fáyé rà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, owó tó ń tibẹ̀ wọlé ń joro sí i. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló ti gbójú lé òwò yìí.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Oníbàárà á san àsansílẹ̀ oṣooṣù, á sì máa kó fọ́tò. Ìwọ̀nba owó tó bá kan fọ́tò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń bu ìpín ẹni tó yà á. Shutterstock, tí Jon Oringer dá sílẹ̀ ní New York ní 2003, wà lára àwọn tó sọ ọ̀nà yìí di gbajúmọ̀. Tẹ́lẹ̀, sẹ́ǹtì 25 sí 38 ni wọ́n ń san lórí fọ́tò tí alásansílẹ̀ bá kó. Ní oṣù kẹfà 2020, wọ́n yí i sí ìpín 15 sí 40 nínú 100, iye tó kéré jù sì di sẹ́ǹtì 10. Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, gbogbo ayàwòrán á padà sí ìpín tó kéré jù. Sẹ́ǹtì 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 sẹ́fà. 60 sẹ́fà kò gbé èèyàn lórí ọ̀kadà zemidjan dé ẹsẹ̀ òkè.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí ń dá àwòrán yà dé. Fọ́tò àwọn ayàwòrán ni wọ́n fi kọ́ ọ: Shutterstock ta ẹ̀tọ́ ìlò wọn fún OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó sì kéde ní 2022 pé òun yóò ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ni wọ́n. Ẹni tó kàn ń wá “òkè” tàbí “abúlé Áfíríkà” lè ní kí ẹ̀rọ yà á fóun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń ra fọ́tò mi. Kò wá Ìdàáṣà rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ihò àpáta Arigbo ní Ìdàáṣà ní oṣù kẹjọ, lásìkò ọdún Ìgbàsókè Màríà. Láti 1954 ni àwọn Kátólíìkì ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyá kan á tún gèlè rẹ̀ wé, á nu òógùn, á ní, “Ọmọ mi, jẹ́ kí ère Màríà hàn lókè orí mi o.” Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré á pọ fọ́tò náà jáde, ìyá náà á dì í mú létí kó tó gbẹ, á sanwó lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá ìyẹn yà fún un, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló wá, ibẹ̀ ló sì dúró sí.

Ẹ tún wo ìlú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): níbẹ̀, Joseph Moïse Agbodjelou (1912–2000) fi iṣẹ́ fọ́tò gbé ayé rẹ̀. Léonce ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2012, inú ilé ìdílé wọn ló ti ya ọ̀wọ́ fọ́tò tó pè ní Demoiselles de Porto-Novo, ilé-àfihàn Saatchi ní Lọ́ńdọ̀nù sì pàtẹ wọn ní 2014. Orúkọ ìlú rẹ̀ kò kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀, ó sì níyì níbi gbogbo.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé fọ́tò tí kò ní ìlú ni ọjà rẹ̀ ń kú. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ̀yin ayàwòrán ẹgbẹ́ mi, ẹ kọ orúkọ òkè, ìlú àti ọjọ́ mọ́ fọ́tò yín, ẹ má sì kó gbogbo rẹ̀ fún ìkànnì. Ẹ̀yin aláṣẹ ìlú, onílé-ìtura, ilé ìjọsìn àti òǹtẹ̀wé, bí ẹ bá ń wá àwòrán òkè Ìdàáṣà, ẹ wá ẹni tó gùn ún, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un.