Owó Àjọ Tó Wọlé Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ń gba àjọ ní ọjà Koumassi kí wọ́n tó bí mi. Nírọ̀lẹ́, á gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, á máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń ta aṣọ, lọ́dọ̀ alátàá, lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọmọ onílẹ̀ tó ń ta attiéké. Ẹni tó bá dá owó, Màmá á fi báírò fa ìlà sínú àpótí kan lórí káàdì onítọ̀hún, á sì fa irú rẹ̀ sínú kàyé tirẹ̀. Àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí káàdì. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan ni ti alájọ, ìyókù ni ti olówó.

Remblais là ń gbé. Lédè Faransé, ilẹ̀ tí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ dí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí òjò oṣù kẹfà bá dé, omi á máa ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ pé wọ́n ti dí ilẹ̀ náà. Lọ́dún kan, omi wọ yàrá Màmá, kàyé rin gbingbin, báírò yọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń tọrọ káàdì lọ́wọ́ àwọn èèyàn ká lè tún un kọ. Nítorí náà, nígbà tí mo ní mo fẹ́ kó kàyé náà sínú kọ̀ǹpútà, kò bá mi jiyàn púpọ̀.

Kí n má purọ́, kì í ṣe nítorí Màmá nìkan ni mo ṣe é. Ìwé kíkọ ni mo fi ń jẹun. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n kọ ìtọ́nisọ́nà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Go, bí ó ṣe lè so ètò kékeré kan mọ́ CockroachDB. Mo ní mi ò lè kọ ohun tí mi ò fọwọ́ ara mi ṣe. Mo bá fa kàyé Màmá sọ́dọ̀.

Go ni èdè tí Robert Griesemer, Rob Pike àti Ken Thompson dá sílẹ̀ ní Google, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2009. Ohun tí èèyàn bá fi kọ, a ó yí gbogbo rẹ̀ sí èdè ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á di fáìlì kan tó lè dá ṣiṣẹ́ láìsí pé a kó nǹkan mìíràn sórí kọ̀ǹpútà. Fún ẹni tí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ ti darúgbó bíi tèmi, oore ńlá ni. CockroachDB ní tirẹ̀ jẹ́ dátábéèsì. Bẹ́ẹ̀ ni, aáyán ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí aáyán kì í tètè kú. Kì í kó ìsọfúnni sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí a kò bá yí i padà, ẹ̀dà mẹ́ta ló máa ń ṣe, lórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì ní sọ pé òun ti kọ nǹkan àfi tí méjì nínú mẹ́ta bá ti kọ ọ́. Raft ni wọ́n ń pe ìlànà tí wọ́n fi ń fẹnu kò. Diego Ongaro àti John Ousterhout ti Stanford ló gbé e jáde lọ́dún 2014. Ẹ wo káàdì àti kàyé Màmá: ẹ̀dà méjì péré ni. Tí wọn ò bá bára mu, ariwo ló máa ń parí rẹ̀. Ká ní ẹnì kẹta tún wà tó ń kọ ọ́, ẹjọ́ náà ì bá rọrùn.

Síso ó pọ̀ kò gbà mí ní wákàtí kan. CockroachDB gbọ́ èdè PostgreSQL, nítorí náà pgx, tí àwọn tó ń fi Go ṣiṣẹ́ ti ń lò fún PostgreSQL tẹ́lẹ̀, ló bá a sọ̀rọ̀. Mo fi àdírẹ́sì sí i, orúkọ, ọ̀rọ̀ aṣínà, nọ́ńbà 26257 dípò 5432 ti PostgreSQL, àti sslmode=verify-full, tó ń jẹ́ kí ètò mi rí ẹ̀rí pé ẹ̀rọ tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ ló máa ń ní kí èèyàn kọ "disable" síbẹ̀ kó lè yá. Lórí tábìlì rẹ, kò burú. Tó bá jẹ́ owó olówó, ìwà àìbìkítà ni.

Ìdáwó kọ̀ọ̀kan ní láti ní nọ́ńbà tirẹ̀. Mo kà á pé kò dáa kí wọ́n máa tò tẹ̀ léra, 1, 2, 3, torí gbogbo ohun tuntun á máa rọ́ sí ojú kan náà, iṣẹ́ kò sì ní pín káàkiri àwọn ẹ̀rọ. Mo bá jẹ́ kí dátábéèsì máa fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá nọ́ńbà gígùn tí kò ní ètò kankan fún ìdáwó kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí gan-an.

Màmá bi mí pé, "Níbo lo kó o sí?"

"Ẹ̀rọ mẹ́ta ni, Màmá. Yúróòpù ni wọ́n wà."

"Kò wá sí ìkankan ní Koumassi?"

Mo rẹ́rìn-ín.

Ní Thursday, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire níbí: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dojú rú láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Gánà, Benin àti Nàìjíríà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń tẹ ohun tí Màmá gbà lálẹ́ àná. Mo tẹ ẹgbẹ̀rún méjì fráǹkì ti ìyá aláttiéké kan. Ètò náà dúró sójú kan. Ó pẹ́, ìlà já. Nígbà tó fi máa padà wá fúngbà díẹ̀, ètò mi ti tún un fi ránṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Àwọn oní-CockroachDB ní tí àṣìṣe 40001 bá dé, kí ètò tún iṣẹ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kò léwu, torí dátábéèsì fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé òun ò kọ nǹkan kan. Èmi ní kí ètò mi máa tún un ṣe, àṣìṣe yòówù kó jẹ́. Ṣùgbọ́n tí COMMIT bá ti lọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ní kí dátábéèsì fi òǹtẹ̀ lu ohun tí a kọ, tí ìlà sì já kí èsì tó dé, kò sẹ́ni tó sọ fún ọ pé owó náà kò wọlé. Àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàyè, wọ́n sì ti fẹnu kò. Èmi nìkan ni mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí.

Nígbà tí oṣù parí, ìyá aláttiéké wá gba owó rẹ̀. Màmá ka iye tó wà lórí ìwé tí mo tẹ̀ fún un, ó sì ti ń ka owó sílẹ̀ nígbà tí obìnrin náà mú káàdì rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ̀rún méjì ti lé. Ká ní ó dákẹ́ ni, àpò Màmá ni ì bá ti jáde. Màmá kò pariwo. Ó dúró títí obìnrin náà fi lọ.

"Ta ló fa ìlà kejì yìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé wáyà abẹ́ òkun. Ó gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Èmi náà, wọ́n máa ń pè mí nígbà tí báírò wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá padà dé, tí mi ò mọ̀ bóyá mo ti fà á, mo máa ń wo àpótí náà. Tí ìlà bá ti wà níbẹ̀, mi ò ní fa òmíràn."

Mo jókòó sídìí láàpútọ́ọ̀pù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nọ́ńbà gígùn tó ń mú inú mi dùn ló dá wàhálà náà sílẹ̀: bí ètò mi bá ṣe ń tún un fi ránṣẹ́, nọ́ńbà tuntun ni dátábéèsì ń fún un, kò lè mọ̀ pé owó kan náà ni. Mo yọ ọ́ kúrò. Mo fi nọ́ńbà káàdì, oṣù àti àpótí rọ́pò rẹ̀, mo sì kọ ON CONFLICT DO NOTHING sí i: tí ìlà bá ti wà nínú àpótí, má fa òmíràn. Nísinsìnyí, kí ètò mi fi í ránṣẹ́ nígbà mẹ́wàá, ìlà kan ni. Àwọn káàdì pọ̀, wọn kì í sì í dá owó tẹ̀ léra, nítorí náà iṣẹ́ ṣì ń pín káàkiri àwọn ẹ̀rọ.

Mo gbà pé àjọ ọjà kan kò nílò ẹ̀rọ mẹ́ta ní Yúróòpù. SQLite lórí láàpútọ́ọ̀pù mi ì bá ti tó. Ẹ̀dà mẹ́ta ń dáàbò bo ọ̀dọ̀ tiwọn. Kò lè ṣe nǹkan kan sí ọ̀nà tó wà láàárín wọn àti Remblais, ọ̀nà tiwa yìí ló sì máa ń já. Àwọn tó ń kọ ìtọ́nisọ́nà kì í sábà sọ ìyẹn, bóyá nítorí pé níbi tí wọ́n jókòó sí, kì í já.

Mo kọ ọ̀rọ̀ àpótí náà sínú iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́. Olóòtú yọ ọ́, ó ní bí a ṣe ń so ó pọ̀ ni àkòrí, kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tó bá já. Wọ́n san owó mi pé.

Màmá ṣì ń fa ìlà sórí káàdì kó tó pè mí. Kì í dárúkọ owó mọ́ o. "Káàdì kẹrìnlá, àpótí kẹsàn-án," á sì pa fóònù.