Ìdò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Balùwẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń gbé ní Ouagadougou ti gbin ìdò, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló kú. Nígbà tí a lọ kí wọn ní oṣù karùn-ún, a ní ká tún un gbìn. Wọ́n ní, “Omi tí mo ń fowó rà ni n ó máa fún òdòdó mu?”

Ọ̀rọ̀ wọn tọ́. Òjò ibẹ̀ kò ju bí oṣù mẹ́rin lọ, láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án; lẹ́yìn náà ọyẹ́ á dé, ilẹ̀ á gbẹ táútáú. Ìdò ní tirẹ̀ fẹ́ràn omi, ó lè ga ju èèyàn lọ, ewé rẹ̀ sì fẹ̀ bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

A lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irúgbìn létí omi tí wọ́n sé láàárín ìlú, nítòsí ọgbà Bangr-Weoogo. (Igbó ìmọ̀ ni orúkọ náà lédè Mooré, ó dùn mọ́ wa ju Bois de Boulogne tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ lọ.) Ìbéèrè kan péré ni bàbá tó ta gbòǹgbò ìdò fún wa bi wá: níbo ni omi ìwẹ̀ yín ń gbà jáde?

Ibẹ̀ náà la gbẹ́. A po ìgbẹ́ màlúù mọ́ ilẹ̀, a ri gbòǹgbò tó ní ojú mọ́lẹ̀, kò jìn ju ìka kan lọ, a fi koríko gbígbẹ bò ó. Omi tó bá ní bílíìṣì nìkan la ní kí wọ́n má dà síbẹ̀. Bí ewé bá gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí wọ́n gé e. Gbòǹgbò á tún hù nígbà òjò.

Ní oṣù kẹjọ, fọ́tò dé: òdòdó pupa mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ti ń dúró de kóró dúdú rẹ̀ láti fi ṣe ṣẹẹrẹ.