Àwo tí Wọ́n Forí Rántí

Bí mo bá sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé àwo tí mò ń gbọ́ jù lọ lọ́dún yìí ni Band on the Run, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. "Orin àwọn òyìnbó arúgbó! Ṣé Asake ò kọrin mọ́ ni?" Èmi á ní kí wọ́n fara balẹ̀. Èkó ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní Àpápá, ní Wharf Road, ní sítúdíò EMI, lọ́dún 1973.

Ẹnu wọn á wá pa mọ́ díẹ̀.

Paul McCartney, tó wà nínú Beatles kí wọ́n tó tú ká, ló ní ẹgbẹ́ tuntun tó ń jẹ́ Wings. Ó fẹ́ gba orin sílẹ̀ níbi tí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, ó sì mú Èkó nínú àwọn ìlú tí EMI ní sítúdíò sí. Oòrùn ló rò pé òun ń bọ̀ wá yá. Ìgbà òjò ló bá. Kí wọ́n tó wọ bàálù gan-an, Henry McCullough tó ń ta gìtá àti Denny Seiwell onílù ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó ku Paul, Linda ìyàwó rẹ̀, Denny Laine, àti Geoff Emerick tó ń bá wọn gba ohùn sílẹ̀. Torí náà, ìlù tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ nínú àwo yẹn, Paul fúnra rẹ̀ ló lù ú.

Nàìjíríà tí wọ́n bá, ọdún mẹ́ta péré ni ogun abẹ́lé fi parí, Gowon ló wà lórí àlééfà, náírà ò tíì pé ọmọ ọdún kan. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fẹsẹ̀ rìn lálẹ́. Wọ́n rìn. Àwọn géndé kan dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n yọ ọ̀bẹ, wọ́n sì gba àpò lọ́wọ́ tọkọtìyàwó náà. Inú àpò yẹn ni ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin sí wà, pẹ̀lú àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí Paul ti kọ́kọ́ kọ àwọn orin náà sí. Mo máa ń rò ó pé bóyá wọ́n ti gba Haruna Ishola lé e lórí kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ní tèmi, Ojúẹlẹ́gba ni. Aago mẹ́jọ alẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó, iná ò sí. Ọmọkùnrin méjì yọ sí mi. Ọ̀kan béèrè pé aago mélòó ló lù. Kí n tó yanu, èkejì ti fi àkúfọ́ ìgò kàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo." Ẹ gbọ́ mi o, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó sì tún fi ẹ jọ̀ọ́ sí i! Olè tó gba ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n gba fóònù, wọ́n gba owó ọkọ̀, wọ́n rìn lọ. Wọn ò tiẹ̀ sáré. Ìyá kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì fún mi ní píọ̀ wọ́tà kan. "Ọmọ mi, dúpẹ́ pé wọn ò gún ẹ. Fóònù á tún wá."

Fóònù tún wá lóòótọ́: àlòkù ni, mo ṣì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ inú èyí tí wọ́n gbà ni ohùn ìyá ìyá mi wà, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ọdún Iléyá tá a jọ ṣe kẹ́yìn ni. Mo gbé fóònù sórí ẹní bí wọ́n ṣe ń kì mí, tí wọ́n ń ti orí mi bọ́ sórí bàbá mi àgbà, tí wọ́n ń bọ́ sórí àwọn tí mi ò rí rí láyé. Nígbà tó yá, wọ́n papò dà. Àwọn fọ́tò mi padà wá láti orí Google. Ohùn ò padà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún gìtá ṣe ní Ṣómólú ló fi àwo náà ránṣẹ́. "Gbọ́ ọ. Wọ́n ja àwọn náà lólè ní Èkó." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Orin àkọ́kọ́ pín sí mẹ́ta. Ìbẹ̀rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Apá kejì le díẹ̀, ó ń kùn. Lẹ́yìn náà, ohùn èlò orin ńlá dé gbùà, gìtá sì ṣílẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ bọ́ síta. Nínú dáńfó ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ibẹ̀ yẹn, lórí Third Mainland Bridge, mo sì yí i padà lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó dé Adéníji Adélé. Jet ń pariwo jù fún mi láàárọ̀. Let Me Roll It ni tèmi: gìtá yẹn ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo ní àsọtúnsọ, kò sì súni. Nínú Picasso's Last Words, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ARC, sítúdíò tí Ginger Baker kọ́ sí Ìkẹjà, Baker fúnra rẹ̀ ló mi agolo tí wọ́n rọ òkúta wẹ́wẹ́ sí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àfipáṣe!

Fẹlá ní wọ́n wá jí orin Áfíríkà kó ni. Paul pè é wá sí sítúdíò, ó tẹ orin náà fún un, Fẹlá sì rí i pé kò sí tirẹ̀ níbẹ̀. Mi ò bá Fẹlá jà. Ẹni tí wọ́n ti ń kó lẹ́rù tipẹ́, tó bá rí àlejò tòun ti àpò, ó yẹ kó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àpò àlejò gan-an ló sọnù. Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìgbà tí wọ́n padà sí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n tó rí ọmọ Èkó kan, Remi Kabaka, tó bá wọn lulù nínú Bluebird.

Ohun tí mo máa ń tẹ́tí sí jù, kò sí nínú àwo náà. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì ti lọ; ohun tí Paul rántí ló kọ. Ta ló mọ ibi tó ti yí ohùn padà, tàbí ìlà tó ti fò? Àwa tá a ń gbọ́ ọ ò lè mọ̀. Lójú tèmi, kò jọ orin tí nǹkan kan sọnù nínú rẹ̀.

Mo mú bírò. Mo kọ ohun tí mo rántí nínú ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn, ojú ìwé kan àbọ̀ ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, mo kà á fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

"Àkànbí, ìlà tó o fi parí un, Màmá ò sọ ọ́ rí."

Mo ní wọ́n sọ ọ́, mà.

"Wọn ò sọ ọ́. Ìlà ti ìdílé bàbá rẹ nìyẹn, ta ló fún ẹ?"

A fà á títí káàdì mi fi fẹ́ tán. Wọ́n ní àwọn ò ní kì mí lórí fóònù, kí n máa bọ̀ nílé ká wá jà á tán lójúkojú. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ.